HERBERT MACAULAY ÀTI ILẸ̀ ÀPÁPÁ

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Kánò yìí tí kò mọ orúkọ Àpápá. Nígbà tí òkìtì ẹ̀pà ṣì ga bí òkè ní ìlú yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ. Àwọn alágbàṣe a kó àpò ẹ̀pà sínú wágọ̀nù, reluwé a gbé e gba Kàdúná àti Jẹ́bà kọjá, ó di èbúté Àpápá ní Èkó, níbẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ti ń gbé e lọ sí Ìlú Òyìnbó. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni iṣẹ́ reluwé yìí gbé dé Sábó Gàrí. Òkìtì ẹ̀pà ti di ohun ìtàn, ṣùgbọ́n Àpápá kò tíì di ohun ìtàn, nítorí tírélà tí ó kó ẹrù níbẹ̀ ṣì ń wọ Kánò títí di òní. Síbẹ̀, a kò rò pé ó pọ̀ nínú wa tí ó mọ̀ pé kí ó tó di èbúté, ilẹ̀ ìdílé ni Àpápá. Pé àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ín dé iwájú àwọn adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Àti pé ọkùnrin tí ó bá onílẹ̀ rin ìrìn-àjò náà, Kánò wa yìí ni àìsàn ìkẹyìn ti dá a dúró. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ìtàn Olóògbé Herbert Macaulay sínú ìwé ìrántí yìí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣe ni a óò kọ, nítorí ojú ewé tí a ní kò tó; èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a óò tẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà láàrin wa yóò rántí ojú rẹ̀ lára owó bébà náírà kan tí ó jáde ní 1979, bàbá arúgbó tí tubọ̀mu rẹ̀ funfun tí ó sì nà bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, ọdún 1864, ni wọ́n bí i ní Èkó. Ọmọ Sàró ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti C.M.S. sílẹ̀ ní 1859, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Abigail, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ó sì padà wálé gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Àlùfáà Macaulay kú ní 1878, nígbà tí Herbert kò tíì pé ọmọ ọdún 14.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ yìí, ọdún 3 péré ni ó ti kọjá tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin Ìlú Òyìnbó lọ́wọ́. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861 ni, ọkọ̀ ogun Òyìnbó sì wà lórí omi nígbà náà, kí ó má baà sí ẹni tí yóò rò pé eré ni. Kí ni Dòsùnmú fi fún wọn gan-an? Ṣé agbára láti ṣe ìjọba ni, tàbí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé oko àti ahéré àwọn ènìyàn ti bọ́ sọ́wọ́ Òyìnbó láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀? Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ Èkó, sọ pé ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún 60 ọdún.

Macaulay wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní 1881, ní ẹ̀ka tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí P.W.D. Ní 1890 wọ́n rán an lọ sí Plymouth ní Ìlú Òyìnbó láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí á wo irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Awọnlẹ̀ ni ó ń mọ ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń rí ìwé tí olúkúlùkù gbà lọ́wọ́ ìjọba. Òun ni ó sì ń jókòó ti àwọn arúgbó ìdílé nígbà tí wọ́n bá ń ka ààlà láti ìdí igi dé etí odò. Ọdún 5 ni Macaulay lò nídìí rẹ̀. Ó mọ inú àwọn onílẹ̀, ó sì mọ inú ọ́fíìsì tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó tún rí i pé Òyìnbó tí kò ju òun lọ nínú iṣẹ́ ń gba owó tí ó ju tòun lọ. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ aládàáni. Ọdún náà ni ó gbé Caroline Pratt níyàwó. Ìyàwó náà kú ní 1899.

Láti ìgbà náà ni ilé rẹ̀, tí ó ń pè ní Kirsten Hall, ti di ibi tí tọlọ́lá tòtòṣì ń gbé ọ̀ràn lọ. Àwọn ọlọ́jà ń lọ, àwọn olóyè ń lọ, mùsùlùmí ń lọ bí onígbàgbọ́ ti ń lọ. Ní 1908 ó tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ tí àwọn òyìnbó ń hù nínú owó reluwé. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ, ó wà nínú àwọn tí ó ta kò ó, nítorí wọ́n ní àwọn òyìnbó ni omi náà wà fún ní pàtàkì. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní Ejò-ń-gbóro. Orúkọ yìí dùn mọ́ àwọn kan, ó sì ń dẹ́rù ba àwọn mìíràn.

A kò ní fi ibi tí kò dára pamọ́. Ní 1913 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ títí tí wọ́n fi kú pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Ilé ẹjọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé ẹ̀wọ̀n náà ni kò jẹ́ kí ó lè díje fún ipò kankan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń gbé àwọn ẹlòmíràn wọlé.

Ní ọdún 1913 yẹn kan náà ni ọ̀ràn Àpápá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ibẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ yà sí ìhà Àríwá, níbi tí àwa fúnra wa wà. Ní 1910 ìjọba Òyìnbó ṣe òfin kan fún ìhà ibí, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ Gómìnà. Ẹni tí ó bá ń lo ilẹ̀, àṣẹ ìlò ni ó ní. Nígbà tí reluwé dé Kánò ní 1911, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la Sábó Gàrí fún àwọn àlejò, ọwọ́ ìjọba ni àwọn bàbá wa ti gba pílọ́ọ̀tì, kì í ṣe ọwọ́ ìdílé kan. Àwọn ará Èkó ń wo gbogbo èyí láti òkèèrè. Nígbà tí ìjọba Ìlú Òyìnbó sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 1912 lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀rù bà wọ́n pé òfin Àríwá ni wọ́n fẹ́ gbé wá bá àwọn. Nítorí rẹ̀ ni aṣojú wọn ṣe lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1913. Ẹni tí kò bá mọ ìbẹ̀rù yìí kò lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko kan fi mú gbogbo Èkó gbóná.

Bí ènìyàn bá dúró ní Marina ní Èkó, tí ó sì wo òdìkejì omi ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, Àpápá ni ó ń wò. Ìjọ́rà ni ó bá a pààlà lápá kan. Ilẹ̀ ìdílé Olóyè Olúwa ni, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dá oko, àwọn àlejò tí wọ́n gbà láàyè sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Omi ibẹ̀ jìn, ọ̀nà reluwé kò sì jìnnà sí i, nítorí náà ni ojú ìjọba ṣe wọ̀ ọ́. Ní 1913 wọ́n fi òfin gbígba ilẹ̀ fún ìlò ìjọba gba apá ńlá nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí oyè Olúwa nígbà náà ni Àmọ́dù Tìjání. Kò sọ pé ìjọba kò lè gba ilẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n san owó ilẹ̀ fún òun gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, ní orúkọ ìdílé àti àwọn ènìyàn òun.

Ìjọba kọ̀. Àlàyé wọn ni pé Olóyè Olúwa kò ní ilẹ̀ kankan, pé ẹ̀tọ́ láti gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní, ìyẹn ni wọ́n sì lè san nǹkan díẹ̀ lé lórí. Ilé ẹjọ́ ní Èkó dá a fún ìjọba. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n tún dá a fún ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹjọ́ ilẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni, ẹ óò mọ̀ pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbà fún Ọlọ́run nìyí. Àmọ́dù Tìjání kò gbà. Ó pinnu láti gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí kò sí ilé ẹjọ́ mìíràn lókè rẹ̀.

Macaulay ni ó bá a lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. A fẹ́ sọ èrò tiwa níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ìtàn yìí, orúkọ Macaulay ni gbogbo ènìyàn ń dá, bí ẹni pé Olúwa kàn tẹ̀ lé e ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olúwa ni olùpẹjọ́, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé ẹjọ́, ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Iṣẹ́ ti Macaulay ni pé ó mọ èdè àwọn adájọ́, ó mọ ìwé ilẹ̀, ó sì mọ bí a ti í kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kí ọ̀rọ̀ má baà kú sílé ẹjọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n nílò ara wọn.

Ọba Èṣùgbàyí, Elékó ti Èkó, fi ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ rán wọn, kí àwọn Òyìnbó lè mọ̀ pé wọn kò wá lásán. Ọ̀pá náà ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Macaulay sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ipò Elékó lọ́nà tí ó gbé ọba náà ga gan-an, ó sì fi hàn pé ìjọba kò bọlá fún un bí ó ti yẹ. A kò lè sọ pé àsọdùn kò sí nínú rẹ̀; Macaulay kì í sọ̀rọ̀ kí ó má fi iyọ̀ sí i. Ìjọba bínú, wọ́n ní kí Elékó jáde kí ó sọ pé òun kò rán an níṣẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Elékó kọ̀ láti sẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ bí ìjọba ti fẹ́. Ní 1920 yẹn ni wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, tí wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró.

Nínú oṣù Keje 1921 ni ìdájọ́ dé. Privy Council dá a fún Olóyè Olúwa. Viscount Haldane ni ó ka ìdájọ́ náà, a óò sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé wa. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sọ pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 gbé àṣẹ ìjọba lọ sọ́wọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n kò gba ohun ìní lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sọ pé ilẹ̀ ní àárín wa kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo: ti ìdílé, ti abúlé, ti àwùjọ ni, olóyè sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Ọmọ ìdílé tí ó bá fẹ́ dá oko yóò tọ olóyè lọ. Àlejò ńkọ́? Olóyè kò lè dá ilẹ̀ fún àlejò láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i. Nítorí náà, owó tí ìjọba yóò san gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ilẹ̀ ní kíkún, kì í ṣe owó ìṣákọ́lẹ̀ nìkan. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn.

Ilẹ̀ náà kò padà o. Èyí ni àwọn kan máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń yọ̀. Ìjọba kọ́ èbúté rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1926 pẹ̀lú àyè fún ọkọ̀ òkun 4, reluwé sì wọ inú rẹ̀. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1956. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n pín ìyókù Àpápá sí ibi ilé-iṣẹ́ àti ibi ilé gbígbé, tí Wharf Road àti Creek Road fi di ojú pópó tí gbogbo awakọ̀ tírélà mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ńtì dí gbogbo ojú omi Èkó ní 1975, tí àwọn mìíràn dúró fún oṣù púpọ̀, èyí ni ó mú kí wọ́n tètè kọ́ èbúté Tin Can Island lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá, tí wọ́n ṣí ní 1977. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ lónìí kò ní rí ẹ̀gé kan kí ó mọ̀ pé oko ni tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò kú. Títí di òní ni àwọn lọ́yà ń fi orúkọ Àmọ́dù Tìjání ṣe ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́ Nàìjíríà. Ní Kánádà, nínú ẹjọ́ Calder ní 1973, àti ní Ọsirélíà, nínú ẹjọ́ Mabo ní 1992, nígbà tí àwọn onílẹ̀ àbáláyé ibẹ̀ ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, àwọn adájọ́ tọ́ka sí ẹjọ́ Àpápá. Ọmọ Èkó onífìlà funfun kan ni ó la ọ̀nà yẹn.

Ó ku ohun kan tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín tí ó sì ń pa wá lẹ́kún. Ní oṣù Kẹta 1978 ìjọba ológun gbé òfin ilẹ̀ jáde fún gbogbo Nàìjíríà, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ Gómìnà rẹ̀. Apẹẹrẹ òfin Àríwá ni wọ́n wò ṣe é. Ohun tí àwọn ará Èkó sá fún ní 1913 ti wá bá wọn nílé, nípasẹ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn. Ní ti àwa ará Sábó, kò ṣe àjèjì sí wa. A ti ń gbé abẹ́ rẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa, a sì mọ bí ìwé ilẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó fún àlejò. Ilé púpọ̀ ni ó wà ní Sábó tí àwọn ọmọ kò mọ ibi tí bàbá wọn fi ìwé rẹ̀ sí. Ẹ lọ wò ó.

Àwọn iṣẹ́ Macaulay yòókù pọ̀, a óò sáré kà wọ́n. Ní 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀, N.N.D.P., tí àwọn ará Èkó ń pè ní Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ náà sì ń kó ìbò Èkó lọ títí di 1938, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ N.Y.M. gba a mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1925 ìjọba lé Elékó Èṣùgbàyí lọ sí Ọ̀yọ́. Macaulay kò fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn Lagos Daily News jà fún un, ó tilẹ̀ tún ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6 ní 1928 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn náà gbé jáde nípa ọ̀tẹ̀ láti pa ọba náà. Ẹjọ́ Elékó pẹ̀lú dé Privy Council, ní 1931 ni ọba náà sì padà sí Èkó tìlù-tìfọn. Ó wàjà ní 1932.

Macaulay ti lé ní ẹni ọdún 79 nígbà tí wọ́n pè é ní 1944 pé kí ó wá ṣe ààrẹ N.C.N.C., tí Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé àgbà. Ọjọ́ orí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jókòó sí ìdí àga gbàǹgbà. Ṣùgbọ́n ní 1945 ìjọba Òyìnbó gbé àwọn òfin kan jáde tí kò tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn. Ọ̀kan jẹ́ ti ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, méjì jẹ́ ti gbígba ilẹ̀ àti ilẹ̀ ìjọba, ọ̀kan jẹ́ ti yíyan olóyè àti yíyọ wọ́n. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Àpápá àti ọ̀rọ̀ Elékó ni ó tún padà dé. Ẹgbẹ́ náà pinnu láti yí gbogbo Nàìjíríà ká, kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì kó owó jọ láti lọ fi ẹjọ́ sun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1946 ni wọ́n gbéra. Àwọn ènìyàn rò pé bàbá yóò dúró sílé. Ó bá wọn lọ.

Ọ̀nà reluwé tí ó mú àwọn bàbá wa wá ni ó mú òun náà wá, reluwé tí ó ti tú àṣírí owó rẹ̀ ní 1908. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Sábó Gàrí nígbà náà, wọ́n pọ̀, àwọn Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn. Ní Kánò ni ara rẹ̀ kọ̀. Kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, wọ́n sì ní láti gbé e padà sí Èkó. Ìlú tí òfin ilẹ̀ tí ó bá jà fún gbogbo ayé rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, níbẹ̀ ni ìrìn-àjò rẹ̀ parí sí.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1946, ní ẹni ọdún 81. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Ìkòyí, gbogbo Èkó sì jáde. Kí ó tó kú, ó ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n dúró níbikíbi tí wọ́n bá wà fún ọjọ́ 4 nítorí òun, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí ìyókù ilẹ̀ yìí ká, owó tí ó lé ní £13,000 ni wọ́n kó jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ní 1947 sì ni aṣojú wọn wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.